“Wọ́n” Tí Mo Kọ Sínú Ìwé

Ìyá òyìnbó kan ni mò ń tọ́jú ní àdúgbò Old Trafford, nílùú òyìnbó. Òṣèré fíìmù ni wọ́n nígbà èwe wọn. Àwòrán wọn kún ara ògiri: nínú ọ̀kan, wọ́n gun ẹṣin, nínú òmíràn, wọ́n ń sunkún sí ọkùnrin kan láyà. Ọdún mẹ́wàá péré ni wọ́n fi ṣeré. Nígbà tí ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í hunjọ, kò sẹ́ni tó pè wọ́n mọ́.

Èmi kọ́ ni wọ́n sọ ìyẹn fún. Ẹnìkejì mi lẹ́nu iṣẹ́ ni, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbí, tí ẹnu rẹ̀ dá ṣáṣá. Tó bá ti wọlé báyìí, ojú ìyá á là. Èmi tí mò ń wẹ̀ wọ́n, tí mò ń fi ìpara ra ẹsẹ̀ wọn, “thank you, dear” lásán ni tèmi. Ó ń dùn mí dé egungun.

Ilé ìkàwé kan ní Ashton fẹ́ fi fíìmù wọn kan han àwọn èèyàn. Ọmọ wọn obìnrin ló máa wa mọ́tò, ọ̀kan nínú àwa méjèèjì ló sì máa bá wọn lọ. Mo fẹ́ kó jẹ́ èmi. Mo ní kí n kọ ìwé iṣẹ́ tí mò ń fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì dáadáa, bóyá àwọn ọ̀gá á rí mi. Mo kọ ọ́ pé: “They ate well. They are happy.”

Lọ́sàn-án, ọ́fíìsì pè: ta ni èèyàn kejì tí ẹ ń tọ́jú nílé yẹn?

Ẹnìkejì mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ilẹ̀kùn mú. “Babe, o ti sọ màmá di ìbejì!”

“Ṣé kí n wá pe ẹni àádọ́rùn-ún ọdún ní ‘ó’ ni?”

“In English? Yeah!”

Ìyá bi wá léèrè ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Kí n tó la ẹnu, ó ti ṣàlàyé fún wọn pé nílé wa, àgbà kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀ èèyàn ni. Ìyá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní nínú fíìmù wọn àkọ́kọ́, àárín èrò ni àwọn wà, kò sẹ́ni tó rí àwọn. Àṣé èrò làwọn fúnra àwọn. Ọ̀rọ̀ tèmi ni, àmọ́ ọwọ́ tirẹ̀ ni wọ́n dì mú. Wọ́n sọ fún ọmọ wọn pé ẹni tó ń pa àwọn lẹ́rìn-ín ni àwọn máa mú lọ.

Lọ́jọ́ fíìmù náà, èmi ni mo wọṣọ fún wọn, tí mo kun tọ́ọ̀tè sí wọn létè. Mo dúró lójú fèrèsé títí mọ́tò fi lọ.

Nígbà tí wọ́n dé, mo bi ẹnìkejì mi pé báwo ni.

“Ah, she slept o! Fíìmù ò tíì gbóná tí wọ́n ti ń hanrun.”

“Èèyà,” ni mo wí, “ó mà ṣe o.”

Mo wọ ilé ìdáná lọ. Mo ṣí ẹ̀rọ omi kó máa dà ṣọ̀ọ̀, kí wọ́n má baà gbọ́ ẹ̀rín mi.