Aṣọ Funfun tí Mo Fọ̀

Ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kejìlá ọdún tó kọjá, awakọ̀ kan gbé àpò láfún kan wá sí ilé mi ní Mọ́níyà. Erúnmu ló ti ń bọ̀, láti ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Kékeré. Aṣọ funfun kan wà ní kíká lórí láfún náà.

Aláàdìrẹ ni Ìyá Kékeré. Mùsùlùmí ni wọ́n, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti ṣe ìrìbọmi, kò sí Kérésìmesì kan tí wọn kò ya aṣọ fún mi. "Ẹ̀yin lẹ ni ọdún," wọn a ní, "èmi ni mo ni ẹ̀bùn." Ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi ń ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ; bí ẹ̀kọ bá gbẹ, wọn a ri aṣọ bọ inú aró, ibi tí ẹ̀kọ bá wà a sì ṣẹ́kù ní funfun. Láàárín àwọn ọnà tí gbogbo aláàdìrẹ mọ̀, wọn a ya nǹkan kan tó jẹ́ tèmi nìkan. Lọ́dún tí mo gba oyè ọ̀mọ̀wé, alángbá tó wọ gíláàsì ni mo bá níbẹ̀.

Gbogbo aṣọ wọ̀nyẹn ló ti gba aró kí wọ́n tó dé ọwọ́ mi. Funfun ni èyí. Ìyá Kékeré ti ń ṣàìsàn láti ìgbà òjò, mo sì rò pé agbára ni kò sí mọ́ tí wọ́n fi fi aṣọ lásán ránṣẹ́. Ó le gbagidi, ìyẹ̀fun sì ń já bọ́ lára rẹ̀. Mo gbà pé láfún ló dà sí i. Èmi tí mo ń ṣàlàyé ẹ̀kọ àti aró fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọọdún, n kò tilẹ̀ tú u tán kí n tó rì í sínú omi ọṣẹ. Ọwọ́ ara mi ni mo fi fọ̀ ọ́. Omi náà funfun bí omi ògì. Ìdí ìbẹ́pẹ ni mo dà á sí.

Láàárọ̀ Kérésìmesì, wọ́n pè mí.

"Ọ̀mọ̀wé, ẹ kú ọdún Jésù yín o. Ṣé o ti rí i?"

"Mo rí i, Ìyá Kékeré. Láfún ti bà á jẹ́, ṣùgbọ́n mo ti fọ̀ ọ́. Ó ti mọ́ tónítóní."

Mo ń gbọ́ igbe ewúrẹ́ ní àgbàlá wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rẹ́rìn-ín.

"O fọ iṣẹ́ oṣù mẹ́ta! Èmi tí mo fẹ́ kí o wò ó ní funfun, kí o wá gbé e bọ̀ kí a jọ rì í sínú aró, bí ìgbà tí o wà ní kékeré. Ìwọ lo máa ń di igun kan mú."

Mo bẹ̀bẹ̀ títí. "Kí lẹ yà, mà?"

"Lórí fóònù? Kò dùn bẹ́ẹ̀. Wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá tún un yà lójú rẹ."

Wọn kò fi àlàyé kankan ránṣẹ́ mọ́ aṣọ náà, nítorí wọ́n gbà pé ọmọ tí àwọn tọ́ lẹ́bàá ìkòkò aró kò nílò rẹ̀.

Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ìpè náà ni wọ́n kú. Kí n tó dé Erúnmu, àwọn ẹbí ti sin wọ́n tán gẹ́gẹ́ bí ìlànà ẹ̀sìn wọn. Nínú àwo kékeré kan lẹ́yìnkùlé, ìyẹ́ adìyẹ ṣì dúró nínú ẹ̀kọ tó ti gbẹ. Mo bi ọmọbìnrin wọn bóyá ó rí àwòrán náà.

"Bùọ̀dá mi, wọn kì í jẹ́ ká sún mọ́ ọn. Wọ́n á ní, 'Ti ọ̀mọ̀wé ni, ẹ kúrò níbẹ̀ yẹn!' Igun kan péré ni mo rí: ọwọ́ méjì tó di nǹkan mú."

"Ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo, àbí ti ẹni méjì?"

"N kò mọ̀, sà. Ìyókù wà ní kíká."

Nígbà tí mo padà délé, mo tẹ́ aṣọ náà síwájú fèrèsé, mo fi awò tí mo fi ń ka ìwé àtijọ́ wò ó láti igun dé igun. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. N kò mọ ẹni tó ni ọwọ́ méjèèjì, n kò sì mọ ohun tí wọ́n dì mú.