Alùpùpù Tí Bàbá Mi Tún Ṣe

Ojú ogun ni bàbá mi ti kọ́ alùpùpù gígùn. Nígbà tí ìjọba òyìnbó ń kó àwọn ọmọ wa lọ sí Bọ́mà, òun náà wà nínú wọn. Ọmọ ogún ọdún ni, láti ìgbèríko Ọ̀yọ́, kò sì tíì gun ohun tó ju kẹ̀kẹ́ ológeere lọ rí. Nítorí pé ó mọ̀wé díẹ̀, tí ara rẹ̀ sì fúyẹ́, wọ́n fi í sí ara àwọn tó ń gbé lẹ́tà láti ibùdó kan dé òmíràn. Ó ní alùpùpù tí wọ́n gbé fún òun wúwo débi pé tó bá ṣubú sínú ẹrẹ̀, agbára káká ni ọkùnrin méjì fi ń gbé e dìde. Ọ̀gá tó kọ́ wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ló ń tẹnu mọ́: jíà wà lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, bíréèkì wà lẹ́sẹ̀ òsì. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì í, ọ̀pá á ba ẹsẹ̀ tó ṣì í.

Nígbà tó ti ogun dé, ó fi alùpùpù gbé wáyà, ìyẹn ọ̀rọ̀ kánjúkánjú láti ilé ìfìwéránṣẹ́, kiri Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ ikú àti ọ̀rọ̀ àìsàn ló sábà máa ń wà nínú wáyà, torí náà àwọn obìnrin mìíràn á ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún kó tó sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, ó gba ìsọ̀ kékeré kan ní Ṣógúnlé, ó ń tún alùpùpù ṣe níbẹ̀. Ìyá mi ti kú. Èmi àti òun là ń gbé inú yàrá méjì tó wà lẹ́yìn ìsọ̀ náà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí sì ni mí ní ilé ìgbẹ̀bí kan ní Ìsọlọ̀.

Bàbá mi fẹ́ràn àtimáa sọ ìtàn alùpùpù fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ nínú ogun ló sọ ọ́ fún un, ó sì rí òmíràn kà nínú ìwé. Ó ní igi ni wọ́n fi ṣe èyí àkọ́kọ́, àti pé ìjókòó gbiná lábẹ́ ẹni tó gùn ún. Àwọn kan tún wá so ẹ́ńjìnnì mọ́ kẹ̀kẹ́ lásán. Èèyàn á kọ́kọ́ wa kẹ̀kẹ́ náà títí ẹ́ńjìnnì á fi jí, bẹ́líìtì awọ ló sì ń yí táyà, tí òjò bá ti rọ̀, á máa yọ̀. Ẹ̀yìn èyí ni ṣéènì dé, lẹ́yìn náà jíà, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń fi ẹsẹ̀ ta á kó tó jí. Tó bá dé ibẹ̀ yẹn, á fọwọ́ gbá táǹkì alùpùpù tirẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe ní ìlú ọba, tí òróró máa ń kán lábẹ́ rẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé, ti Jàpáànù bo ìgboro. Inú páálí ni wọ́n ti ń tú wọn jáde ní Òṣòdì, wọn á sì tò wọ́n pọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Akọ̀wé ń rà á, tíṣà ń rà á, àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ń rà á. Wọn ò wúwo, òróró ò kán lára wọn, òmíràn sì wà tó jẹ́ pé téèyàn bá ti tẹ bọ́tìnnì, ó jí. Bàbá mi yí ọ̀kan po lọ́jọ́ kan, ó ní, “Àwọn èèyàn yìí jókòó, wọ́n ronú.” Ohun kan ṣoṣo ni kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Wọ́n ti gbé jíà lọ sí ẹsẹ̀ òsì, wọ́n sì gbé bíréèkì wá sí ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ó ní ẹsẹ̀ òun ti dàgbà ju ẹni tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ tuntun lọ. Tó bá fẹ́ dán èyí tó tún ṣe wò, iwájú ìsọ̀ ló ti máa ń gùn ún, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń rìn lórí ẹyin.

Nígbà tó di oṣù kẹrin ọdún 1972, ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ fi apá òsì ọ̀nà sílẹ̀, kí wọ́n máa gba apá ọ̀tún. Bàbá mi fi ẹfun kọ Ọ̀TÚN gàdàgbà sórí táǹkì rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lọ dáadáa, ìkejì náà lọ dáadáa. Ó sọ fún mi pé, “Orí ti gbọ́. Ó ku kí ara gbọ́.”

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó máa ń wá sọ́dọ̀ wa láti Ìsọlọ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun aṣọ. Tíṣà ni ìyá rẹ̀, ará Èkìtì, òun nìkan sì ni ọmọ tí ìyá náà bí, àwọn méjèèjì ló jọ ń gbé. Ó ra alùpùpù Jàpáànù kan tí táǹkì rẹ̀ pupa, ó sì ń nù ún bí ìgbà téèyàn bá ń nu ọmọ tuntun. Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, ó gbé e wá, ó ní ó ń dún kẹ̀ẹ̀kẹ̀ẹ̀ tó bá ti wọ jíà kẹta. Bàbá mi fi ẹsẹ̀ ta á, ó jí, ó tẹ́tí, kò gbọ́ nǹkan kan.

“Bàbá, ẹ ò lè gbọ́ ọ lórí ìdúró,” ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà wí. “Ó di kó máa sáré. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ. Tí mo bá gùn ún fúnra mi, ẹ ò ní gbọ́ bí mo ṣe ń gbọ́ ọ.”

Mo wà lórí bẹ́ǹṣì, mò ń bó ẹ̀gúsí. Mo rí i pé bàbá mi ṣiyèméjì. Ó wo ojú ọ̀nà, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó wá ní, “Jókòó sẹ́yìn, kóo dì mí mú.” Wọ́n lọ. N kò tilẹ̀ gbójú sókè wò wọ́n.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí, gẹ́gẹ́ bí bàbá mi ṣe sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bi í, kò sì yí ọ̀rọ̀ náà padà rí. Nígbà tí wọ́n ń sún mọ́ Bọ́ládé, típà kan yọ síwájú wọn láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Àyè wà lápá ọ̀tún tó lè gbà kọjá. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ yí i sí òsì, bó ti ń yí i láti ọjọ́ ogun wá, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sì tẹ ohun tó rò pé bíréèkì ni. Jíà ni. Alùpùpù náà kò dúró. Wọ́n forí sọ típà náà. Bàbá mi ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin náà fò kọjá rẹ̀, orí rẹ̀ sì ba kọnkéré ojú gọ́tà.

Obìnrin oníbúrẹ́dì kan ló sáré wá pè mí. Èmi ni mo gbé orí ọmọ náà lé itan mi nínú táksí tó gbé wa lọ sí ọsibítù. Mo jẹ́ nọ́ọ̀sì, ohun tí mo rí yé mi, ṣùgbọ́n mò ń bá a sọ̀rọ̀ ṣáá. Ó kú ní ọjọ́ kẹta. Ẹsẹ̀ òsì bàbá mi ṣẹ́ lókè ọrùn ẹsẹ̀.

Lánlọ́ọ̀dù wa wá kí i ní ọsibítù. Ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí i létí, ó ní, “Ẹ sọ pé bíréèkì ò mú. Ta ló máa já yín nírọ́?”

Bàbá mi ní, “Bíréèkì mú. Èmi ni mi ò tẹ̀ ẹ́.”

Ohun tó sọ fún àwọn ọlọ́pàá náà nìyẹn. Nígbà tí ìyá ọmọ náà dé sí ẹ̀bá bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, kò jókòó. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó wé gèlè dúdú, ohùn rẹ̀ sì dà bíi ti tíṣà tó ń bi ọmọ iléèwé ní ìbéèrè.

“Ta ló gùn ún?”

“Èmi ni.”

“Ṣé ọmọ mi ló ní kí ẹ máa sáré?”

“Rárá o. A ò sáré àsápajúdé. Ẹsẹ̀ mi ló ṣì.”

Ìyá náà yíjú padà, ó sì jáde. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé ó sọ fún àwọn ọlọ́pàá pé òun ò ní ẹjọ́ tí òun fẹ́ bá ẹnikẹ́ni rò, pé ẹjọ́ ò jí òkú.

Nígbà tí bàbá mi délé, kò ṣí ìsọ̀ rẹ̀. Ó ta alùpùpù ìlú ọba náà fún ẹni àkọ́kọ́ tó bèèrè, kò sì dúró wò ó nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ. Tí mo bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á ní kí n gbé e pa mọ́. Ibi tí mo bá a lówùúrọ̀ ni mo máa ń bá a nígbà tí mo bá tibi iṣẹ́ dé, pẹ̀lú ọ̀pá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, n kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìgbà òjò ti parí kí ìyá ọmọ náà tó tún wá. Ó jókòó níwájú ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan, alùpùpù pupa náà sì wà lẹ́yìn, ó ti wó. Wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ síwájú ìsọ̀ tó wà ní títì. Bàbá mi tiro jáde.

“Ẹ bá mi tún un ṣe,” ni ìyá náà wí.

“Ta ló máa gùn ún, ìyá?”

“Mi ò mọ̀. Mi ò fẹ́ kó wà bó ṣe wà yìí ni.”

Bí ìsọ̀ náà ṣe tún ṣí nìyẹn. Orí bẹ́ǹṣì ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́, ó na ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ sílẹ̀. Ó na irin iwájú rẹ̀ títí ó fi tọ́, ó fi òòlù onígi lu táǹkì látinú wá, ó kun ún ní ọ̀dà. Ó ń jẹun díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó tò ó pọ̀ tán, ó gbé e dúró, ó fi ọwọ́ tẹ ìtapá rẹ̀ kó jí, ó jẹ́ kí táyà ẹ̀yìn máa yí lófuurufú, ó sì tì í sí jíà kẹta. A gbọ́ ọ. Kẹ̀ẹ̀kẹ̀ẹ̀. Ó wá ibi tó ti ń dún. Nọ́ọ̀tù kékeré kan ló tú lára irin tó bo ṣéènì, kò ju èékánná ọmọdé lọ. Ó fi ọwọ́ lásán dè é, ariwo náà sì dákẹ́. Bàbá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn sípánà rẹ̀, ó sunkún. N kò rí i kó sunkún rí, kódà nígbà tí ìyá mi kú.

Ó kù kí alùpùpù náà dé Ìsọlọ̀. Bàbá mi ní òun ò ní gùn ún. Ó tún ní kò tọ́ kí ẹni tí kò mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà bá òun gbé e lọ. Ó wò mí.

“Bàbá, mi ò mọ̀ ọ́n gùn.”

“Ìyẹn náà ló dára. O ò ní ohun tóo máa gbàgbé.”

Ó kọ́ mi ní pápá kan nítòsí ojú irin, lówùúrọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Kò jágbe mọ́ mi. Kò fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ ẹsẹ̀ mi. Á kàn ní, “Tún un ṣe,” títí ẹsẹ̀ mi fi ń ṣe é kí n tó rò ó.

Ní ọjọ́ tí a máa lọ, mo rò pé ọkọ̀ ni yóò wọ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè pẹ̀lú ìnira, ó jókòó sẹ́yìn mi, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ dábùú itan. Ibi tí ọmọ náà jókòó sí ni. Mo ta á, ó jí. A la Òṣòdì kọjá, àwọn èèyàn ń nàka sí wa, torí kò wọ́pọ̀ kí obìnrin gbé bàbá rẹ̀ sẹ́yìn alùpùpù. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀ létí mi. Nígbà tí lọ́rì kan ń bọ̀ níwájú, ọwọ́ rẹ̀ fún mi léjìká, ó ní, “Ọ̀tún,” jẹ́ẹ́jẹ́. Mo gba apá ọ̀tún kọjá.

Ìyá náà ti gbọ́ wa, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo fẹ́ pa ẹ́ńjìnnì náà, ó ní kí n má tíì pa á. Ó wá, ó gbé ọwọ́ lé táǹkì pupa náà, ó dijú.

“Ohùn rẹ̀ nìyẹn,” ló wí. “Òun ló máa ń jí mi láàárọ̀.” Ó gbé ọwọ́ kúrò, ó ní, “Pa á báyìí.”

Bàbá mi ti fẹ́ dọ̀bálẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀, pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kì í ká dáadáa. Ìyá náà dì í lápá mú. “Ẹ má dọ̀bálẹ̀ fún mi, bàbá. Ẹ jókòó.”

Ó bu omi fún wa. Ó bèèrè ohun tó ń dún lára alùpùpù náà lọ́jọ́ yẹn. Mo gbàdúrà nínú mi pé kí bàbá mi sọ pé òun ò mọ̀. Ó sọ ọ́ fún un, bí nọ́ọ̀tù náà ṣe kéré tó, àti pé ọwọ́ lásán lòun fi dè é. Obìnrin náà fi ọwọ́ bojú. Nígbà tó gbé ọwọ́ kúrò, ó ní, “Ẹ ṣé tí ẹ sọ òótọ́ fún mi.” Kò sọ pé òun dárí jì í. Bàbá mi ò sì bèèrè.

Àbúrò ìyá náà ọkùnrin gbé alùpùpù náà lọ sí Èkìtì nígbà tó yá. Bàbá mi ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, kò gun alùpùpù mọ́, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá gbé tuntun wá, dandan ni kí onítọ̀hún jókòó lórí rẹ̀, kó fi ẹsẹ̀ jíà àti ẹsẹ̀ bíréèkì han bàbá mi, kí bàbá mi tó fọwọ́ kan alùpùpù náà. Àwọn kan ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn kan gbọ́.

Bàbá mi kú nínú àìsàn ọjọ́ díẹ̀, ní àsìkò tí àwọn katakata ń la ọ̀nà márosẹ̀ gba Òṣòdì kọjá. Mo ránṣẹ́ sí ìyá náà, n kò rò pé yóò wá. Ó wá. Ó jókòó sáàárín àwọn ẹbí wa láti Ọ̀yọ́, àǹtí bàbá mi kan sì bi í pé báwo ló ṣe jẹ́ sí òkú. Ó ní, “Àwa méjèèjì la jọ pàdánù ọmọ kan.” Àgbà obìnrin náà rò pé ọkọ àti ìyàwó ni wọ́n jẹ́ rí, n kò sì ṣàlàyé fún un. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, mo sìn ín dé ibi tó ti máa wọ ọkọ̀ padà sí Ìsọlọ̀.