Àwọn Àlejò Tó Wá Tọ́ Ẹmu Wò ní Ìgandò

Ní ìsàlẹ̀ Ìgandò, níbi tí ilẹ̀ pupa ti dópin tí irà dúdú sì ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tí kò mọ Akínlẹ́yẹ ẹlẹ́mu. Ará Ìkálẹ̀ ni, ọmọ Irèlè. Ọdún tí bàbá rẹ̀ kú ló di ẹrù, tó fa àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, Báyọ̀dé, lọ́wọ́, tí wọ́n sì wọkọ̀ wá sí Èkó. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni Akínlẹ́yẹ nígbà náà, Báyọ̀dé ṣẹ̀ṣẹ̀ pé mẹ́jọ ni. Wọn kò dúró sí àárín ìlú, nítorí iṣẹ́ kan ṣoṣo tí Akínlẹ́yẹ mọ̀, iṣẹ́ orí igi ni. Ó bèèrè títí wọ́n fi júwe Ìgandò fún un, níbi tí ọ̀pẹ ti pọ̀ lórí ilẹ̀ gíga, tí ògùrọ̀ sì kún inú irà. Àwọn onílẹ̀ fún un láyè. Ibẹ̀ ló ti fẹ́ Morónkẹ́, ọmọ Ìkòtún, ibẹ̀ náà ló sì ti bí Títí, ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ti wà nílé ọkọ báyìí.

Ahọ́n Akínlẹ́yẹ ló yà á sọ́tọ̀ láàárín àwọn ẹlẹ́mu. Bí ẹ bá di í lójú, kí ẹ bu ẹmu fún un nínú igbá, yóò sọ bóyá orí ilẹ̀ pupa ni igi náà wà tàbí etí irà, yóò sì sọ bóyá àárọ̀ ni wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀ tàbí ọ̀sán. Àwọn èèyàn a máa ti Ẹ̀gbẹ́dá wá dán an wò, wọn a sì máa rẹ́rìn-ín padà lọ.

Ẹmu yìí ló rán Báyọ̀dé níwèé, láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé girama. Ní àárọ̀ tí ìrì ṣì wà nílẹ̀, Akínlẹ́yẹ a gbé e sórí kẹ̀kẹ́ ológeere pẹ̀lú akèrègbè méjì lẹ́yìn, a já a sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé, a wá kiri ẹmu rẹ̀ lọ. Nígbà tí Morónkẹ́ wọlé gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, kò lè pe àbúrò ọkọ rẹ̀ lórúkọ, ó ń pè é ní Akọ̀wé. Orúkọ náà sì mọ́ ọn lára, nítorí akọ̀wé ló padà dà. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ọ̀nà gbà á sí ọ́fíìsì. Kò pẹ́ tí owó epo fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé bí omi, tí wọ́n ń la títì káàkiri Èkó. Báyọ̀dé gba ilé sí Súrùlérè, ó ra mọ́tò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ kóòtù. Ìgandò wá jìnnà sí i. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù méjì ló ń wá, nígbà mìíràn mẹ́ta.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ní ọdún 1976, Báyọ̀dé dé láìròtẹ́lẹ̀.

"Bọ̀dá mi," ó ní, "ọ̀gá mi fẹ́ wá ṣe fàájì lọ́dọ̀ yín lọ́jọ́ Sátidé. Ọ̀gbẹ́ni Adéolú fúnra wọn, àti ọmọ wọn obìnrin, àti òyìnbó kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Wáìnì inú ìgò ti sú wọn. Wọ́n fẹ́ tọ́ ẹmu wò ní ìdí igi rẹ̀ gan-an, kí wọ́n sì jẹ oúnjẹ oko."

Inú Akínlẹ́yẹ dùn débi pé kò mọ ìgbà tó dìde dúró. Ọdún kẹjọ rèé tí Báyọ̀dé ti ń ṣiṣẹ́, kò mú ẹnikẹ́ni wá sílé rí.

"Ṣùgbọ́n ẹ fi ọ̀rọ̀ sísọ sílẹ̀ fún mi o," ni Báyọ̀dé wí. "Èmi ni mo mọ bí wọ́n ṣe ń bá wọn sọ̀rọ̀."

"Èmi ò kúkú gbọ́ òyìnbó," ni Akínlẹ́yẹ dá a lóhùn, ó sì rẹ́rìn-ín.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n fi ṣiṣẹ́. Akínlẹ́yẹ ro ojú ọ̀nà, ó fi pákó ṣe afárá sórí ibi tí irà ti rọ̀, ó sì yá àga lọ́wọ́ tíṣà. Morónkẹ́ gún púpurú tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe, ó se marúgbó, ọbẹ̀ dúdú àwọn ará Ìkálẹ̀, bí ọkọ rẹ̀ ṣe kọ́ ọ, ó yan ẹja àrọ̀, ó sì fi ata rodo dín ìgbín. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé mọ́, Akínlẹ́yẹ wẹ̀, ó wọ bùbá àti ṣòkòtò tó fi ṣe ìgbéyàwó Títí.

Báyọ̀dé ṣáájú àwọn àlejò dé. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀.

"Ẹ lọ wọ aṣọ iṣẹ́ yín, Bọ̀dá. Òyìnbó fẹ́ rí bí ẹ ṣe ń gun igi."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu. Akínlẹ́yẹ wọlé, ó bọ́ aṣọ tó dára, ó wọ ṣòkòtò péńpé tí oje igi ti sọ di dúdú.

Àwọn àlejò dé pẹ̀lú mọ́tò Pijó funfun kan. Ọ̀gbẹ́ni Adéolú sanra, ohùn rẹ̀ sì rinlẹ̀. Yẹ́misí, ọmọ rẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwé dé láti òkè òkun ni, ó sì kúnlẹ̀ kí Morónkẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Òyìnbó náà, ará Ítálì, gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó gbé kámẹ́rà kọ́ ọrùn. Báyọ̀dé ló ń mú wọn kiri, ó ń na ọwọ́ sí igi yìí, ó ń na ọwọ́ sí tọ̀hún, èdè òyìnbó sì ń ti ẹnu rẹ̀ jáde bí ẹni ń da omi. Akínlẹ́yẹ ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn pẹ̀lú igbà tó fi ń gun ọ̀pẹ léjìká, inú rẹ̀ ń dùn pé òun ló rán ọmọ yìí níwèé.

Ó gun ọ̀pẹ méjì fún wọn. Ó gbé àkàbà ti ògùrọ̀ nínú irà, ó sọ akèrègbè tó ń hó kalẹ̀. Ó wá to igbá mẹ́rin sórí tábìlì: ẹmu ọ̀pẹ tàárọ̀ tó dùn bí omi ìrèké, tàná tó ti ń ta ahọ́n, ògùrọ̀ ti etí irà, àti ògùrọ̀ ti àárín irà gan-an. Wọ́n ń tọ́ ọ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń jẹ ìgbín lé e. Òyìnbó náà pa ojú dé nígbà tó kan ìkẹrin. Ó ya Akínlẹ́yẹ ní fọ́tò, ó tún pe Báyọ̀dé kó wá dúró tì í, ó ya àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn náà ni Báyọ̀dé àti Ọ̀gbẹ́ni Adéolú lọ jókòó sábẹ́ igi ọsàn, òyìnbó sì ní kí Yẹ́misí jẹ́ ògbufọ̀ òun.

"Ó ní lábẹ́ òkè kan tó máa ń tú iná jáde ni wọ́n ti bí òun," ni Yẹ́misí wí. "Iná náà a máa ṣàn wálẹ̀ bí ọbẹ̀, tó bá tutù, a di òkúta dúdú. Inú ilẹ̀ dúdú yẹn ni bàbá rẹ̀ ń gbin èso tí wọ́n fi ń ṣe wáìnì sí. Ó ní èèyàn a máa gbọ́ òórùn eérú nínú rẹ̀."

Akínlẹ́yẹ sún mọ́ wọn. "Òótọ́ ló sọ. Ilẹ̀ ni igi ń mu. Sọ fún un pé ògùrọ̀ ti àárín irà yìí, ewé tó ti jẹrà sínú omi láti ọjọ́ pípẹ́ ló wà lẹ́nu rẹ̀ yẹn. Kó tún un mu, kó má tètè gbé e mì."

Òyìnbó tún un mu, ó dúró díẹ̀, ó wá mi orí léraléra. Wọ́n wà lórí rẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, àwọn ọkùnrin méjì tí wọn kò gbọ́ èdè ara wọn. Akínlẹ́yẹ kò rántí ọjọ́ tí ẹnì kan bi í léèrè iṣẹ́ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Ó ní kí n bi yín," ni Yẹ́misí wí, "ṣé ọ̀gá yín mọ̀ pé irú ahọ́n báyìí ni ẹ ní?"

"Ta ni ọ̀gá mi?"

"Báyọ̀dé ni. Ṣebí bàbá rẹ̀ ló ni gbogbo oko yìí? Ó sọ fún wa pé bàbá yín náà bá bàbá òun ṣiṣẹ́ dọ́jọ́ ikú."

Akínlẹ́yẹ rọra gbé igbá ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó wo abẹ́ igi ọsàn. Báyọ̀dé ká ẹsẹ̀ lé ara wọn lórí àga, ó ń rẹ́rìn-ín. Bó ti gbé ojú sókè, ojú àwọn méjèèjì ṣe mẹ́rin, kíá ló sì yí tirẹ̀ padà.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Akínlẹ́yẹ dáhùn. "Ó mọ̀."

Yẹ́misí ń wò ó. "Ẹ jọra díẹ̀ ṣá."

"Ará ìlú kan náà ni wá."

Ẹnu rẹ̀ ló sọ ọ́ kó tó ronú. Láti ìgbà tí Báyọ̀dé ti wà lọ́mọdé ló ti ń gbèjà rẹ̀ lọ́dọ̀ tíṣà, lọ́dọ̀ aládùúgbò, lọ́dọ̀ ẹni tó bá ń lé e bọ̀. Òní náà ló tún gbèjà rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì korò lẹ́nu rẹ̀ ju ẹmu ọlọ́sẹ̀ kan lọ. Ó ń bu ẹmu fún wọn lọ títí oòrùn fi rọ̀. Nígbà tí wọ́n ń wọ mọ́tò, ó gbọ́ tí Ọ̀gbẹ́ni Adéolú fi Yorùbá sọ fún Báyọ̀dé pé, "Ẹlẹ́mu rẹ yìí mọṣẹ́. Má jẹ́ kó bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́."

"Ẹ ṣeun, sà," ni Báyọ̀dé wí.

Pijó náà lọ, Báyọ̀dé dúró. Ó ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń bẹ.

"Báyọ̀dé, ta ni bàbá wa?"

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́."

"Ta ni bàbá wa?"

"Ẹlẹ́mu ni."

"Ta ló ń bá ṣiṣẹ́?"

Báyọ̀dé ń wo bàtà rẹ̀. "Yẹ́misí ni mo fẹ́ fẹ́. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì ni bàbá rẹ̀ ti bi mí pé ọmọ ilé ta ni mí, mo ní bàbá mi ní oko ńlá. Látọjọ́ náà ni mo ti ń fi irọ́ mìíràn ti irọ́ yẹn lẹ́yìn."

"O ì bá sọ pé gbogbo wa ti kú tán. Kí ló dé tí o fi mú wọn wá síbí?"

"Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí oko náà ni. Mi ò mọ oko mìíràn."

Morónkẹ́ ti jáde láti ilé ìdáná, ìkòkò òfìfo lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti gbọ́ ohun tó tó gbọ́.

"Akọ̀wé, èmi wá ńkọ́?" ó bèèrè, ohùn rẹ̀ kò ga. "Kí lo pe èmi fún wọn?"

Báyọ̀dé yí padà sí mọ́tò rẹ̀. Ọwọ́ obìnrin yìí ló ti jẹun fún ọdún mẹ́wàá. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó ṣáná sí i, ó lọ.

Akínlẹ́yẹ kò sọ ọ̀rọ̀ náà fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ará Ẹ̀gbẹ́dá wá dán ahọ́n rẹ̀ wò, ó ní kí wọ́n má bínú, àárẹ̀ mú òun. Bó bá wà lórí igi, ó máa ń rántí bàbá rẹ̀, ọkùnrin tí kò sin ẹnikẹ́ni rí láyé rẹ̀, tí ọmọ tó bí sọ di ọmọ ọ̀dọ̀ lẹ́yìn ikú.

Oṣù méjì kọjá kí Yẹ́misí tó dá nìkan wá. Fọ́tò ló mú wá, èyí tí òyìnbó yà.

"Mo tẹjú mọ́ ọn," ó ní. "Etí kan náà, àgbọ̀n kan náà. Mo bi Báyọ̀dé títí ó fi jẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni yín."

"Èmi ni."

Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù. "Kò dùn mí pé ẹlẹ́mu ni yín, sà. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ó lè ṣe é fún yín."

Akínlẹ́yẹ lè ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́ níbẹ̀, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. "Kì í ṣe ìkà," ó wí. "Ojú wa ló ń tì í. Èyí tó kù, ìwọ ni kí o rò ó."

Yẹ́misí rò ó, ó sì ní òun yóò fẹ́ Báyọ̀dé, ṣùgbọ́n Akínlẹ́yẹ ló gbọ́dọ̀ jókòó sí ipò bàbá lọ́jọ́ ìdána. Bàbá rẹ̀ bínú nígbà tó gbọ́ òótọ́, ó wá rọ̀. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Báyọ̀dé dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn.

"Ta ló rán ọ wá?" ni Akínlẹ́yẹ bi í.

"Yẹ́misí ni."

"Bí kò bá rán ọ ńkọ́?"

Báyọ̀dé tún dojú bolẹ̀.

"Dìde," ó wí. "Mi ò di ọ́ sínú. Ṣùgbọ́n mi ò ní wá. Ìyá Títí yóò ṣojú wa."

Morónkẹ́ lọ lóòótọ́. Ọjọ́ ìdána náà, igi mọ́kànlá ni Akínlẹ́yẹ gùn, ó sì ta ẹmu wọn tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìrọ̀lẹ́ ni ìyàwó rẹ̀ dé, ó jókòó, ó bọ́ bàtà.

"Wọ́n fi àga yín sílẹ̀ lófìfo," ó ní. "Wọ́n bèèrè yín. Akọ̀wé dìde, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ni yín, ẹ̀yin lẹ tọ́ òun dàgbà."

"Ó sọ bẹ́ẹ̀ níwájú gbogbo wọn?"

"Níwájú gbogbo wọn. Ó wá ní ara yín kò yá, pé orí ibùsùn lẹ wà láti ọjọ́ Tọ́sìdeè."

Akínlẹ́yẹ ká igbà rẹ̀, ó fi kọ́ ara ògiri.

"Ara mi yá," ó wí.

"Mo mọ̀," ni Morónkẹ́ dá a lóhùn, ó sì wọlé lọ pààrọ̀ aṣọ.