Fáàfù Tí Kò Lórúkọ Lára

Ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ tí wọ́n bí mi sí, gíláàsì àtùpà ni ìyá mi fi ń mọ ọmọbìnrin tó lẹ́kọ̀ọ́. Bí èéfín bá ṣú gíláàsì mọ́ ọmọge lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ti bùṣe, ọ̀lẹ ni, ọkọ yóò dá a padà sílé baba rẹ̀. Eérú kíkúnná la fi ń fọ̀ ọ́ láràárọ̀. A ó fi àkísà tútù nù ún, a ó wá la ẹnu mí hàà sí i, a ó sì fi àkísà gbígbẹ nù ún títí tí yóò fi máa dán. Mo lè sùn láìjẹun, ṣùgbọ́n mi ò lè fi gíláàsì sílẹ̀ ní dídọ̀tí kí n sùn. Ìwà yìí ni mo gbé wọ ilé ọkọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, òun náà ló sì kó mi sínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Mo ti darúgbó, ẹni tí mo ń bẹ̀rù kò sí láyé mọ́, síbẹ̀ àyà mi ṣì ń já bí mo ti ń kọ ọ́.

Òyìnbó ló ṣì ń ṣèjọba nígbà náà. Iṣẹ́ tíṣà ni ọkọ mi ń ṣe, ṣùgbọ́n gìtá ló fẹ́ràn. Ó ra ampilifáyà kan lọ́wọ́ sójà tó ti ogun dé, àpótí onígi kan tí í máa sọ ohùn gìtá di ńlá. Fáàfù mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ fáàfù. Ìgò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, irin wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀, tí iná bá dé e, yóò máa pọ́n bí ẹyin iná inú ààrò. Méjì kéékèèké nínú ti ọkọ mi, irin ni wọ́n fi bò wọ́n. Méjì ńlá yòókù ni ìgò, wọ́n sì jọra bí ìbejì. Ọ̀kan ló ń kọ́kọ́ gba iná tí yóò fi pín in fún àwọn yòókù, èkejì ló ń ti ohùn jáde. Ẹsẹ̀ ìdí wọn dọ́gba, èyíkéyìí nínú wọn ló lè wọ ihò èkejì. Ṣùgbọ́n tí ó bá wọ ihò tí kì í ṣe tirẹ̀, wọn á jóná ni, ọkọ mi sì ti sọ èyí fún mi ju ẹ̀ẹ̀mẹwàá lọ.

Sábó ni wọ́n ti ń ta fáàfù. Máàlámù kan ló ń tà á, ará Haúsá tó ti pẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó bẹ́ẹ̀ tó ń fi Yorùbá pa òwe fún wa. Lórí ẹní ló ń tò wọ́n sí: ti àwọn ará Ìlú Ọba nínú páálí aláró, ti àwọn ará Holandi nínú páálí aláwọ̀ ìyeyè, ti àwọn ará Amẹ́ríkà nínú páálí pupa. Ọkọ mi yóò jókòó tì í lẹ́yìn ilé ìwé, wọn á máa jiyàn. Ọkọ mi ní ti Ìlú Ọba máa ń pẹ́, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ wúwo. Máàlámù ní ti Holandi ló mọ́ jù. Àwọn méjèèjì gbà pé onípáálí pupa ló ń kọrin. Èmi a ní ìgò ni gbogbo rẹ̀, ẹ jẹ́ ká máa relé. Wọn á wò mí bí ẹni tó bú baba wọn.

Ohun kan wà tí Máàlámù kì í ṣàìsọ fún oníbàárà. Láyé ìgbà náà, àwọn kan máa ń kó fáàfù tó ti kú sínú páálí tuntun. Nítorí náà, yóò fa fáàfù yọ, yóò gbé e sí oòrùn, yóò sì fi orúkọ tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ sára ìgò hàn yín. "Orúkọ ara ìgò ni kí ẹ kà," ni yóò wí, "ẹ má ka ti páálí. Páálí lè purọ́." Ọkọ mi fẹ́ràn gbólóhùn yẹn, ó sì máa ń tún un sọ nílé.

Ọ̀gá olórin kan ní Ìbàdàn gbọ́ nípa ọkọ mi. Ó ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ níbi ìgbéyàwó tíṣà kan ní Ọ̀yọ́ lọ́sàn-án Sátidé, pé òun fẹ́ fi etí ara òun gbọ́ ọ. Tí ó bá tẹ́ òun lọ́rùn, kó kẹ́rù rẹ̀ máa bọ̀ ní Ìbàdàn. Láti ọjọ́ tí iṣẹ́ yẹn ti dé, ọkọ mi kì í jẹun dáadáa mọ́. Ó lọ sí Sábó, ó ra fáàfù ńlá tuntun kan, onípáálí pupa, èyí tí yóò máa ti ohùn jáde. Èkejì rẹ̀, onípáálí aláró, ti wà nínú àpótí tipẹ́, ó sì fi í sílẹ̀.

Ní àárọ̀ Jímọ̀, kó tó lọ sílé ìwé, ó tú àpótí náà láti gbọn eruku ọyẹ́ inú rẹ̀ dànù. Ó yọ fáàfù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó tò wọ́n sórí aṣọ funfun láti òsì dé ọ̀tún bí wọ́n ṣe ń jókòó nínú ihò. Tuntun ló gbẹ̀yìn lápá ọ̀tún. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn wọ́n. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ṣé ìyàwó ilé náà ni ẹnikẹ́ni?

Eruku bo ìgò méjèèjì, ọ̀kan tún ní èéfín lára. Mo rò ó pé ojú gbogbo ayé ni wọn yóò ti ṣí àpótí yẹn lọ́la, pé wọn yóò sọ pé tíṣà fẹ́ ọ̀bùn níyàwó. Mo kó àwọn méjèèjì sínú abọ́, mo gbé wọn lọ sẹ́yìnkùlé. Mo fi eérú pa wọ́n, mo fi àkísà tútù nù wọ́n. Mi ò tíì nù ún lẹ́ẹ̀mejì tí mo rí funfun lára àkísà. Mo wo ìgò, kò sí orúkọ lára rẹ̀ mọ́. Mo wo èkejì, kò sí tirẹ̀ náà. Àwọn méjèèjì mọ́ tónítóní, wọ́n ń dán, mi ò sì mọ èwo ni èwo mọ́.

Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ náà kò ní àfiwé. Mo yí wọn síbí, mo yí wọn sọ́hùn-ún. Mo gbìyànjú láti rántí èyí tí mo fi ọwọ́ ọ̀tún gbé, ọkàn mi sọ ohun kan, ó tún sọ òmíràn. Mo ní kí n lọ bá a nílé ìwé, ṣùgbọ́n mo rí ojú rẹ̀ lọ́kàn mi, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Mo wá rántí Máàlámù. Òun ló mọ inú wọn, òun ni yóò sọ èyí tó tà. Mo dì wọ́n mọ́ inú gèlè, mo gba oríta Tákíé lọ sí Sábó, mo ń rìn jẹ́jẹ́ kí wọ́n má baà fọ́. Ẹní Máàlámù wà níbẹ̀ ní kíká. Wọ́n ní ó ti lọ kírun Jímọ̀.

Mo dúró. Mo jókòó sórí òkúta, mo dìde, mo tún jókòó. Oòrùn ń yí, mo sì mọ̀ pé tí agogo ilé ìwé bá dún, ọkọ mi ń sáré bọ̀ wálé nìyẹn. Ká ní mo ní sùúrù díẹ̀ sí i, bóyá Ìbàdàn ni ǹ bá ti bí àwọn ọmọ mi. Àyà mi kò gbà á. Mo padà sílé, mo mú ọ̀kan mo fi sí ọ̀tún, mo mú èkejì mo fi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo ní Ọlọ́run, ẹ jẹ́ kó bọ́ sí i.

Ó dé, kò tilẹ̀ jókòó. Bí wọ́n ṣe tò lórí aṣọ ló ṣe ń kó wọn wọlé, kò yẹ̀ wọ́n wò. Mo la ẹnu. Ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, "Ìyàwó mi, ṣé wàá lè máa gbé Ìbàdàn?" Mo ní, "Tí ẹ bá ti ń gbé ibẹ̀, mà á gbé ibẹ̀." Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi, mo gbé e mì. Iná mànàmáná kò tíì dé àdúgbò wa, kò síbi tí a ti lè dán an wò. Ó di ibi jẹnẹrétọ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́.

Nínú lọ́rì lọ́jọ́ kejì, ọkọ mi gbé àpótí lé itan bí ọmọ. Gbogbo ibi tí lọ́rì ti ń gbọ̀n ni mò ń gbàdúrà. Nígbà tí a dé gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ṣe ìgbéyàwó, ọ̀gá olórin ti jókòó níwájú, ó fẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Wọ́n fa wáyà láti ibi jẹnẹrétọ̀. Ọkọ mi yí bọ́tìnì, ó ní ká fún un ní àyè díẹ̀ kó gbóná. Èmi kò wo gìtá, ẹ̀yìn àpótí ni mò ń wò. Ó pọ́n díẹ̀, ó wá tàn yẹ̀rẹ̀ bíi mànàmáná, òórùn jíjó bo gbọ̀ngàn, èéfín sì rú jáde. Ọkọ mi ṣì di okùn gìtá mú. Ó fọwọ́ ta á, kò sí ohùn kankan.

Ọ̀gá olórin kò sọ ọ̀rọ̀ burúkú. Ó bọ ọkọ mi lọ́wọ́, ó ní ohun ayé ni, òun yóò tún máa gbọ́ ìròyìn rẹ̀. Ó lọ. A kò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ọkọ mi kúnlẹ̀ sí ẹ̀yìn àpótí. Ó fa fáàfù apá ọ̀tún yọ, èyí tó gbà pé òun ni tuntun, ó gbé e síwájú ojú, ó wò ó yí po. Ó ní, "Kò ní orúkọ lára." Ó nà án sí mi. "Wò ó. Páálí pupa ló kó o sí fún mi. Gbàrọgùdù ni Máàlámù tà fún mi." Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo wò ó bí ẹni tí kò rí i rí. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ ọ́, mi ò sì sọ ọ́.

Ní Mọ́ńdè, èmi àti ọkọ mi jọ lọ sí Sábó. Èrò pé lé wa lórí. Máàlámù gba fáàfù náà, ó gbé e sí oòrùn bó ti máa ń ṣe, ó yí i pẹ́, ojú rẹ̀ sì dàrú. Ó ní, "Tíṣà, kì í ṣe èyí ni mo tà fún yín. Wàláì, inú rẹ̀ kò jọ ọ́. Èyí tí mo tà lórúkọ lára, ẹ̀yin náà kà á níbí." Ọkọ mi ní, "Orúkọ náà dà? Ṣé ẹran ló jẹ ẹ́?" Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Máàlámù kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ṣí páálí pupa mìíràn, ó ní kó gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ọkọ mi kọ̀ ọ́. Ó ní, "Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Ẹni tí mò ń bá ṣeré lójoojúmọ́ ló ṣe mí báyìí." Mo wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an nígbà tó ń sọ ọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó ju fáàfù sẹ́yìnkùlé. Mo lọ ṣà á. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe, ọwọ́ mi kàn bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún ni. Mo la ẹnu, mo mí hàà sí i bí ìyá mi ti kọ́ mi. Lẹ́tà bá yọ. Lójú ìkùukùu èémí mi, níbi tí ọ̀dà ti bó, orúkọ náà hàn ketekete, ó sì tún parẹ́. Mo mí sí i lẹ́ẹ̀kejì. Mo ka ìwé dé Sítáńdáàdì Kẹta, mo lè kà á. Orúkọ ara páálí aláró ni. Ti Ìlú Ọba ni, fáàfù ọkọ mi àtijọ́, kì í ṣe ti Máàlámù rárá. Èmi ni mo pa ipò wọn dà. Òótọ́ ni ọkùnrin yẹn ń sọ láàárín èrò, wọ́n sì fi ṣe ẹlẹ́yà.

Ẹ̀rí wà lọ́wọ́ mi. Èémí kan péré ni mo ní láti mí níwájú ọkọ mi. Mo ní tó bá di ọ̀la. Ọ̀la dé, inú rẹ̀ kò dùn, mo ní ó di ọ̀tunla. Nígbà tó yá, mo lóyún, mo ní kí n bí ọmọ ná.

Ọkọ mi kì í ṣe ẹni tí í pa ọ̀rọ̀ mọ́. Gbogbo tíṣà Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ ló gbọ́ pé onípáálí pupa kò dára, pé Máàlámù ń ta òkú fáàfù. Àwọn tó ní rédíò kò dé ìdí ẹní rẹ̀ mọ́. Ẹní náà ń kéré sí i bí mo ti ń kọjá, èmi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà mìíràn lọ sọ́jà.

Òjò ọdún kejì ni mo pàdé rẹ̀ ní Tákíé, ẹrù rẹ̀ wà nílẹ̀, ó ń dúró de lọ́rì tó ń lọ sí Òkè Ọya. Mo fẹ́ yà, ó ti rí mi. Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó kí mi, ó béèrè ọmọ. Ó ní, "Ìyàwó tíṣà, mò ń lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sọ fún ọkọ yín pé mi ò ta ayédèrú fún un." Mo ní, "Mà á sọ fún wọn, Bàbá." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ọkọ mi kú sẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Títí tó fi kú, ohunkóhun tó bá já a kulẹ̀, ìbáà ṣe àlùbọ́sà tó ti rà, ìbáà ṣe òṣèlú, "fáàfù Máàlámù" ló ń pè é. Àwọn ọmọ wa kọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi obìnrin ra iṣu, ó là á, inú rẹ̀ ti dúdú. Ó ní, "Màámi, ẹ wá wo fáàfù Máàlámù." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Fáàfù náà wà nínú àpótí aṣọ mi nínú yàrá, tí mo fi gèlè àtijọ́ wé. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín.