Ọjọ́ Tí A Kó "A Dúpẹ́" Wa Jẹ

Ọdún kejì lẹ́yìn tí a bọ́ ìbòmú àrùn kòrónà kúrò lójú ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe bútà àti abọ́ ike ní Koumassi, ní ìlú Abidjan, nítòsí ọ̀sà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ máa ń bi mí bí a ṣe ṣẹ́gun. Ẹ̀rín ni mo máa ń rín. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe fi ọwọ́ ara mi ṣe wá léṣe ná.

Èmi ni aṣojú àwọn òṣìṣẹ́ yàrá ẹ̀rọ nígbà náà. Kétou ní Benin ni bàbá mi àgbà ti wá ṣe akọ̀wé níbí láyé àwọn Faransé, nítorí náà Faransé dá lẹ́nu mi, Yorùbá náà kò sì sọnù. Ìdí tí wọ́n fi dìbò yàn mí nìyẹn. Ẹ̀rọ mẹ́rin la ní, ìkẹta nínú wọn kò sì ní ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn irin kan wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó máa ń dá ẹ̀rọ dúró bí èèyàn bá ṣí i, ṣùgbọ́n ọ̀gá ní ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn, wọ́n bá tú u. Láti ọjọ́ náà, bí ike bá há, ọwọ́ la fi ń yọ ọ́, kí ẹ̀rọ tó tún pa ẹnu dé.

Bàbá Ráfíù ló wà nídìí ẹ̀rọ yẹn. Ará Èjìgbò ni wọ́n, àgbà gbogbo wa, wọ́n sì ti wà ní Abidjan kí wọ́n tó bí mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ike gbígbóná ti jó ìka wọn, èmi ni mo sì fi aṣọ dì í lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀dọ́bìnrin kan wá láti yunifásítì ní Cocody. Akissi ló ń jẹ́. Ó ń ṣe ìwádìí lórí ìlera àwọn òṣìṣẹ́: ohun tó ń pa wọ́n lára, ohun tó ń sọ wọ́n di aláàbọ̀ ara, àti bí a ṣe lè dènà rẹ̀. Ó ní kí n máa bá òun túmọ̀ fún àwọn tí kò gbọ́ Faransé dáadáa, kí n sì máa kọ ìdáhùn wọn sínú ìwé. Ọ̀dọ̀ Bàbá Ráfíù la ti bẹ̀rẹ̀.

"Tonton, bàbá wa, ṣé iṣẹ́ yìí ń pa yín lára?" Akissi bi wọ́n.

Bàbá Ráfíù fa ọwọ́ wọn sínú apá aṣọ. "A dúpẹ́ o. Kò sí nǹkan kan. Bá wa kí i, sọ fún un pé ó káàbọ̀."

Mo wojú wọn, wọ́n wojú mi. Kí ni kí n ṣe? Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, a kì í já àgbà nírọ́ níwájú àlejò. Bí èèyàn bá wà lórí àìsàn tí wọ́n bi í pé ara ńkọ́, a dúpẹ́ ni yóò wí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀: rien, kò sí. Bí gbogbo wọn ṣe dáhùn nìyẹn. Àwọn ẹ̀yà Jùlá tó wà láàárín wa ní "tọ́ọ̀rọ̀ tẹ́", kò sí ìyọnu. Àwọn ọ̀dọ́ ní "y a foyi", kò séwu. Mi ò lè pè é ní irọ́ lẹ́nu wọn, nítorí wọ́n kàn ń kí àlejò ni. Ṣùgbọ́n èmi tí mo mú bírò lọ́wọ́, ó yẹ kí n mọ̀ pé ìwé kò mọ ìkíni.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo lọ bá ọ̀gá pé kí ó dá ilẹ̀kùn ẹ̀rọ kẹta padà. Àbọ̀ ìwádìí ti wà lórí tábìlì rẹ̀. Ó fi ìka tẹ ibì kan.

"Yàrá ẹ̀rọ: kò sí ẹni tó ní ohun kan ń ṣe òun. Délégué, ẹ̀yin aṣojú wọn, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ túmọ̀ ni?"

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo jáde láìrí ilẹ̀kùn gbà. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀rọ kẹta pa ẹnu dé mọ́ ọwọ́ ọ̀tún Bàbá Ráfíù. Ìka mẹ́rin ló lọ. Nínú takisí tó ń gbé wa lọ sílé ìwòsàn, wọn ò ké. Wọ́n kàn ní, "Àbẹ̀kẹ́, má jẹ́ kí ìyàwó mi gbọ́ ọ lójijì o."

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé pé ẹnu iṣẹ́ ni Bàbá ti farapa. Ó ní àìfarabalẹ̀ ni, àti pé ìwádìí ti fi hàn pé kò séwu nínú yàrá náà. Bí kò bá fọwọ́ sí i, Bàbá Ráfíù kò ní rí ẹ̀tọ́ aláàbọ̀ ara gbà. Wọn á kàn ní kí Bàbá máa lọ ni, bí ẹni pé ilé ara wọn ni wọ́n ti gé ọwọ́. Inú bí mi. Mo pe Akissi lórí fóònù, mo jẹ́wọ́ fún un. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, a pa ẹ̀rọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Láti aago méje la ti dúró lẹ́nu géètì. Nígbà tó máa fi di aago mẹ́wàá, ọkọ̀ ọlọ́pàá méjì ti wà ní kọ̀rọ̀. Oòrùn mú, kò sì sẹ́ni tó kọrin. Àwọn tó ń kọjá nínú wọ́rọ̀wọ́rọ̀, takisí akérò, ń yọrí wò wá. Ọ̀gá jáde pẹ̀lú àbọ̀ ìwádìí náà lọ́wọ́.

"Ẹnu yín lẹ fi sọ pé kò sí nǹkan. Ẹni tí kò bá sí nídìí ẹ̀rọ ní aago méjìlá, kó má padà wá mọ́."

Obìnrin tó dúró tì mí sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí mi létí. "Àbẹ̀kẹ́, midi ti ń sún mọ́lé o, aago méjìlá náà nìyẹn. On fait comment, kí la máa ṣe?" Mo rí àwọn kan tí wọ́n ń wolẹ̀. Mo mọ̀ pé bí ẹnì kan bá wọlé, gbogbo wọn á tẹ̀ lé e.

Akissi bọ́ sílẹ̀ nínú takisí, ó kó ìwé ìbéèrè tuntun dání. "Mi ò lè dá yí ohun tó wà nínú àbọ̀ yẹn padà," ó ní. "Àwọn tó dáhùn ló lè tún un dáhùn. Àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, kí kálukú kọ orúkọ rẹ̀ sí i."

Ti àkọ́kọ́ kò ní orúkọ. Ọ̀gá sì dúró níbẹ̀, ó ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó mira. Mo bọ́ síwájú, mo sọ ọ́ ní Faransé, mo tún un sọ ní Yorùbá.

"Èmi ni mo kọ irọ́ yẹn. Mo rí ọwọ́ Bàbá Ráfíù, èmi ni mo dì í, mo wá kọ ọ́ pé kò sí."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ o, ó ti jẹ́wọ́. Iṣẹ́ yín ti bọ́, madame."

Ibi tó ti ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ni Bàbá Ráfíù ti bọ́ sílẹ̀ nínú wọ́rọ̀wọ́rọ̀, báńdéèjì lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè wọ́n. Akissi bi wọ́n pé ara yín ńkọ́, mo sì túmọ̀ rẹ̀.

"A dú..."

Wọ́n dúró. Ẹ má rò pé ó rọrùn fún àgbàlagbà láti sọ ọ́ lójú ọ̀pọ̀ èèyàn.

"Ara mi ò yá," Bàbá Ráfíù wí. "Kò yá depuis, àní láti ọjọ́ tí wọ́n ti tú ilẹ̀kùn yẹn." Wọ́n wá kọjú sí wa. "Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, àbí? Ẹ wò ó, tèmi ti dín. Tiyín dà?"

Wọ́n fi ọwọ́ òsì kọ orúkọ wọn, wọ́gọwọ̀gọ. Jùlá kan ló tẹ̀ lé wọn, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, àpá iná sì wà láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tó ní kò séwu tò sórí ìlà. Aago méjìlá lù, a ò mọ̀. Ìwé Akissi tán, ó ń ya bébà nínú ìwé àkọsílẹ̀ ara rẹ̀. Ọ̀gá wọlé lọ, ó pẹ́ lórí fóònù. Nígbà tó jáde, ó ti fọwọ́ sí ìwé Bàbá Ráfíù.

Ohun tí a jèrè nìyẹn, àti ilẹ̀kùn tó wà lára ẹ̀rọ náà títí dòní. Wọ́n jẹ́ kí n padà sẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n mi ò tíì lo oṣù méjì sí i tí wọ́n fi rí ẹ̀sùn mìíràn kà sí mi lẹ́sẹ̀, wọ́n sì lé mi. Akissi tún àbọ̀ rẹ̀ kọ, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ ti rìn jìnnà, mo sì gbọ́ pé àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ mìíràn ṣì ń fi pa àwọn òṣìṣẹ́ wọn lẹ́nu mọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ ló wà nínú rẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí.

Àdúgbò Remblais ní Koumassi ni Bàbá Ráfíù ń gbé báyìí. Bí mo bá jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday, mo máa ń yà kí wọn.

"Bàbá, ara ńkọ́?"

Wọ́n á kọ́kọ́ wo ọwọ́ ọ̀tún wọn.

"Ó ń ro mí láti àárọ̀. Kọ ọ́ sílẹ̀."