Ìborùn Mama Parvin

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mo ṣe ní Thamesmead, ní London, títí mo fi fẹ̀yìn tì. Nínú gbogbo ilé tí mo wọ̀, àárò ti Mama Parvin ló ń sọ mí jù. Opó ni wọ́n, ará Iran. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, tíì dúdú nínú ife kékeré ni wọ́n fi kí mi káàbọ̀, wọn ò sì jẹ́ kí n fọwọ́ kan iṣẹ́ kankan títí mo fi mu ún tán.

Ìborùn sílíìkì kan wà lọ́rùn wọn, ó pupa bí osùn. Mo ní, "Mummy, ìborùn yín mà rẹwà o!" Kí n tó pa ẹnu dé, wọ́n ti tú u, wọ́n nà án sí mi: "Gbà, tìẹ ni." Ọmọ tó kọ ọrẹ àgbà nílé wa, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń pè é. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàdúrà fún wọn, mo wé e mọ́ ọrùn. Ojú Mama yí padà díẹ̀. Mo rò pé àdúrà mi ló wọ̀ wọ́n lára.

Níbi tí mo ti ń dúró de bọ́ọ̀sì ni mo ti pàdé Auntie Sìkírà, ọmọ Ìbàdàn, tó tọ́jú Mama kó tó kàn mí. Wọ́n rí ìborùn náà, wọ́n kígbe.

"Rónkẹ́! O gbà á?"

"Wọ́n fún mi ni, Auntie."

"Ti màmá wọn tó ti kú nìyẹn! Òun nìkan ni wọ́n rí mú jáde nílé wọn nígbà tí wọ́n kúrò ní Iran. Taarof ni wọ́n ń ṣe fún ẹ. Bó o bá ti yin nǹkan wọn, wọ́n máa ní kó o máa mú un lọ. Respect ni. Ìwọ náà á wá kọ̀ ọ́."

"Ṣé irọ́ ni wọ́n ń pa ni?"

"Irọ́ kẹ̀? Tó o bá ń jẹun, tó o ní 'ẹ wá jẹun', ṣé o fẹ́ kí gbogbo èrò bọ́ọ̀sì tọwọ́ bọ abọ́ ẹ ni?"

Bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn. Bí mo bá sì dá a padà lásán, ìtìjú ni fún Mama. Auntie kọ́ mi lóhun tí màá sọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ní, "Mummy, ọrùn yín nìkan ló yẹ ìborùn yìí."

"Rárá o, tìẹ ni."

Mo tún bẹ̀ wọ́n, wọ́n tún kọ̀, à ń tì í síra wa lọ́wọ́. Ìgbà tí mo kúnlẹ̀ tí mo ní mi ò ní dìde ni wọ́n tó gbà á. Wọ́n gbé e sí imú, omi sì bọ́ lójú wọn.

"Ká ní o mú un lọ ni," wọ́n ní, "mi ò ní bèèrè láéláé."

Mo mọ̀ pé òótọ́ ni wọ́n sọ, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù jù.