Ọjọ́ Wo Gan-an Ni Dorothea Garbutt Kú?

Láàárín ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ní ó kú. Ohun tí dókítà kọ sínú ìwé nìyẹn: láàárín ọjọ́ kẹsàn-án sí ọjọ́ kẹtàlá oṣù Fẹ́búárì, ọdún 1987. Dorothea Garbutt, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, tó kọ ìwé ìtàn mọ́kànlá nípa àwọn òkú ìlú Skelby yìí, kú sórí àga níwájú ààrò tí kò níná, kóòtù lọ́rùn, ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́, a ò sì mọ ọjọ́ tó kú. Inú ń bí mi. Ẹ má sọ fún mi pé kí n fara balẹ̀, nítorí ara tí gbogbo wa fi balẹ̀ ló pa á.

Ẹ̀yin ará Skelby, ẹ mọ iṣẹ́ obìnrin yìí dáadáa, ara rẹ̀ lẹ ti ń jẹun. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ìwé rẹ̀ ló ń kó àlejò wá sí èbúté wa. Ilé tíì tó wà létí omi, orúkọ ọmọbìnrin inú ìwé rẹ̀ ló ń jẹ́. Ta nínú yín ló bi í rí bóyá tíì gbígbóná wà nílé tiẹ̀?

Ìlànà kan ló ní: kò ní kọ ìtàn òkú kankan àfi bó bá mọ ọjọ́ tí onítọ̀hún kú. Kì í wakọ̀, nítorí náà èmi ni mo máa ń gbé e kiri ibojì lọ́jọ́ Ìsinmi. Á gbé garawa omi àti kànrìnkàn dání, á kúnlẹ̀, á máa fọ ojú òkúta bí ẹni ń fọ ojú ọmọ. Búrẹ́dì àti wàràkàṣì la máa ń jẹ, pẹ̀lú àlùbọ́sà tí wọ́n rẹ sínú ọtí kíkan, òórùn rẹ̀ ò tíì kúrò nínú ọkọ̀ mi títí dòní. Lọ́jọ́ kan tí òjò ń ṣú, mo ní ká máa lọ. Kò tilẹ̀ wojú mi.

"Walter, ó ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún tí eléyìí ti ń dúró de ẹni tó máa kà á," ó ní. "Ìwọ ò wá lè dúró ìṣẹ́jú márùn-ún?"

Keziah Storr ló ń sọ, ọmọbìnrin kan tó máa ń la inú ẹja ní èbúté wa láyé àtijọ́. Ibi tí wọ́n kọ ọjọ́ ikú rẹ̀ sí lára òkúta ti fọ́ dànù. Oṣù méje ni Dorothea fi wá ọjọ́ yẹn, láti ṣọ́ọ̀ṣì dé ṣọ́ọ̀ṣì, kó tó rí i nínú ìwé àlùfáà kan. Ó pè mí lórí fóònù, ó ń sunkún: "Ọjọ́bọ̀ ni, Walter. Ọjọ́bọ̀ lọmọ náà kú." Ọmọ tí kò bí, tí kò fojú rí, ló ń sunkún fún bẹ́ẹ̀.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ tiyín. Ilé tó ń gbé ní Chandler Row, ilé kánsù ni, òrùlé rẹ̀ sì ń jò lé e lórí láti ọdún méjì. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Kò dákẹ́. Lẹ́tà mẹ́rìnlá ló kọ sí Ọ̀gbẹ́ni Norman Thackray, alága ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé kánsù. Èsì kan náà ló gbà nígbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá: a ti rí lẹ́tà yín, a ó sì fún un ní àkíyèsí tó yẹ. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí ìwé nìkan ló ń yí padà. Ọ̀gbẹ́ni Thackray, àkíyèsí wo ló yẹ òjò tó ń rọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì arúgbó?

Mo bi í léèrè lójúkojú nílé ọtí níparí ọdún tó kọjá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Walter, òǹkọ̀wé ni màmá yẹn. Tí ò bá kọ̀wé, kí ló tún fẹ́ máa ṣe?" Gbogbo tábìlì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀.

Ní Chandler Row, àṣà kan wà tí a fi ń yangàn. Bí Mìsì Garbutt bá ti fa kọ́tìnnì, ìwé ló ń kọ nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kanlẹ̀kùn. Àwọn ọmọdé pàápàá á máa yọ́ ẹsẹ̀ rìn. Ní Fẹ́búárì yìí, ó fa kọ́tìnnì, a sì dùn pé ìwé tuntun ń bọ̀. Òtútù ló fà á sí. Bùláńkẹ́ẹ̀tì ló kàn mọ́ fèrèsé lẹ́yìn kọ́tìnnì náà.

Len tó ń gbé mílíìkì kiri gbé ìgò kan sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ó gbé òmíràn síbẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àti lọ́jọ́ Rú. Mílíìkì náà dì, ó ta ìdérí sókè, àwọn ẹyẹ ń wá ṣá a jẹ. Ẹyẹ lásán débẹ̀, èèyàn ò débẹ̀. Mo kọjá lọ́jọ́ Rú yẹn. Mo ka ìgò mẹ́ta. Mo sọ nínú ara mi pé iṣẹ́ ń lọ, mo sì yọ́ ẹsẹ̀ kọjá, orí mi ń wú pé mo jẹ́ aládùúgbò rere. Bóyá ó ti kú nígbà yẹn. Bóyá ó jókòó síbẹ̀ tó ń gbọ́ ẹsẹ̀ wa. Lọ́jọ́ Ẹtì tí ìgò pé márùn-ún, ọlọ́pàá já ilẹ̀kùn. Ivy Stott, tí ògiri ilé rẹ̀ àti ti Dorothea pa pọ̀, dì mí lápá mú.

"A ò fẹ́ dí i lọ́wọ́ ni, Walter," ó ní. "A ò kàn fẹ́ dí i lọ́wọ́ ni."

Ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Thackray wá síbi ìsìnkú, táì dúdú lọ́rùn, ó ní òun ti ka gbogbo ìwé màmá. Mo ní èwo ló fẹ́ràn jù. Ó ní èyí tó ní ọkọ̀ ojú omi nínú. Ìwé mọ́kọ̀ọ̀kànlá ló ní ọkọ̀ ojú omi nínú. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀ ló pè mí lórí fóònù. Kánsù fẹ́ kan àwo búlúù mọ́ ara ilé náà, irú èyí tí wọ́n ń fi yẹ́ ẹni ńlá sí, pẹ̀lú ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ ikú rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ sún mọ́ màmá jù, ẹ̀gbọ́n," ó ní. "Ọjọ́ wo ni ká kọ pé wọ́n kú?"

Mo ní, "Wá a, Norman. Fi oṣù méje wá a."

Ó ní ẹ jẹ́ ká kàn kọ ọdún síbẹ̀.

Rárá o. Kò sí àṣegbé, àṣepamọ́ ló wà. Ẹ̀dà lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá wà lọ́wọ́ mi. Inú agolo bísíkíìtì ló kó wọn sí, ohun kan ṣoṣo tí omi ò wọ̀ nínú ilé yẹn. Ohun tí mo ń bèèrè nìyí, mi ò sì ní gba ohun mìíràn. Kí àwo náà sọ òtítọ́: pé ó kú láàárín ọjọ́ kẹsàn-án sí ọjọ́ kẹtàlá, nítorí pé kò sẹ́ni tó kanlẹ̀kùn. Kí orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí èsì mẹ́rìnlá wà lábẹ́ rẹ̀, kí tèmi náà tẹ̀ lé e. Kí Norman Thackray sì dúró sẹ́nu ọ̀nà yẹn lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ṣí i, láìwọ kóòtù, kí ó ka lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá sókè níṣojú wa, pẹ̀lú ọjọ́ tó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Bó bá kà á tán, kí ó kanlẹ̀kùn. Kí gbogbo wa gbọ́ bó ṣe ń dún.